Ìgbéraga kọ́, àmúyangàn ni: lórí ìtumọ̀ Pōkarekare Ana

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, mo kí yín o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa fi ìtumọ̀ àyọkà kékeré kan ránṣẹ́ síbí lórí Pōkarekare Ana, orin ìfẹ́ àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ Niu Sílándì, tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti sọ di tiwọn. Iṣẹ́ náà dára, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ó pe orin náà ní “orin ìgbéraga orílẹ̀-èdè”. Ẹnìkan ní kí a fi “orin ìwúrí” rọ́pò rẹ̀, ẹlòmíràn ní “orin iyì”. Mi ò lè dákẹ́ lórí èyí.

Ìgbéraga kò ṣeé gbà rárá. Ẹni tó ń gbé ara rẹ̀ ga ju ẹnìkejì lọ là ń pè ní agbéraga, kò sì sí ìyá tó máa gbàdúrà kí ọmọ òun rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, pride, ló tàn wá. Ó kó ẹ̀ṣẹ̀, ayọ̀ inú àti ohun tó ń fa ayọ̀ náà sínú àpò kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Ìwúrí ni ohun tó ń ṣe ẹni tó gbọ́ orin náà, tí orí rẹ̀ wú. Iyì ńkọ́? Ẹlòmíràn ló ń fún ni níyì. Ṣùgbọ́n ohun tí a mú lọ́wọ́ tí a fi ń yangàn láwùjọ, àmúyangàn ni. Orin àmúyangàn ni kí a kọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo “mú” tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, torí òun gan-an ni ìtàn orin yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ ogun Māori tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nítòsí Auckland kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sójú ogun. Paraire Tomoana, aṣáájú Māori kan, tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Omi Waiapu, odò kan níbẹ̀, ni àwọn kan ń dárúkọ nínú ìlà àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn fi Rotorua sí i, adágún tí ìtàn sọ pé Hinemoa lúwẹ̀ẹ́ kọjá lóru láti lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀ Tūtānekai ní erékùṣù Mokoia. Oníkálukú mú un, ó fi omi tirẹ̀ sí i. Kiri Te Kanawa, ọmọ Māori tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé nínú orin ọ́pẹ́rà, mú un wọ sítúdíò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2013, nígbà tí Ilé Aṣòfin ní Wellington fọwọ́ sí òfin ìgbéyàwó tó gba ọkùnrin àti ọkùnrin, obìnrin àti obìnrin láàyè, àwọn tó ń wòran lókè bú sí orin yìí, àwọn aṣòfin náà sì bá wọn gbè é. Ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni lè rò nípa òfin náà, ẹ wo orin tó wá sí wọn lẹ́nu. Kì í ṣe orin orílẹ̀-èdè wọn. Orin ẹni tí ìfẹ́ ń dà láàmú ni.

Ìgbà kan sì wà tí wọ́n ń na ọmọ Māori nílé ìwé nítorí èdè rẹ̀. Ọdún 1987 ni òfin tó sọ èdè náà di èdè ìjọba. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, owó ìtanràn là ń san bí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu wa, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí dé egungun. Orin ti ń gbé èdè wọn káàkiri kí òfin tó dé.

Ó ku ìlà tí gbogbo wa ń jà lé lórí: “Ka mate ahau i te aroha e.” Olùtumọ̀ wa kọ “Mo kú nítorí ìfẹ́”. Ó bá ìwé atúmọ̀ èdè mu, àmọ́ ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀? Mate kì í ṣe ikú nìkan lẹ́nu Māori. Àìsàn wà nínú rẹ̀, àìní náà wà níbẹ̀: matekai ni ebi, matewai ni òùngbẹ. Àwa náà ò kúkú yàtọ̀. Ebi ń pa mí, òtútù ń pa mí, ìfẹ́ rẹ ń pa mí. “Pa” ti ń dúró dè wá látọjọ́ yìí! Ní ti aroha, òótọ́ ni pé àánú àti ìyọ́nú wà nínú rẹ̀, bí ẹnìkan ṣe sọ, ṣùgbọ́n ọmọge ni orin yìí ń bá sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ni kó jẹ́.

Pōkarekare, ọ̀rọ̀ tó ṣí orin náà, tó ń sọ nípa omi tí kò dúró jẹ́ẹ́, ló fún mi níṣẹ́ jù. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo “rú”, torí pé “rú” àti “tòrò” jọ ń rìn pọ̀: ìlú rú, ìlú tòrò. Àmọ́ omi tó rú ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, kò sì sí ẹrẹ̀ nínú orin yìí, ìgbì ni. “Ru” olóhùn àárín ló yẹ, bí òkun ṣe ń ru, kí “parọ́rọ́” sì dá a lóhùn.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ rèé:

Omi Waiapu ń ru,
bí o bá sọdá, ọmọge, á parọ́rọ́.
Ọmọge o, padà wá,
ìfẹ́ rẹ ń pa mí o.