Ọ̀nà wo ni a lè gbà dín pàǹtí ilé wa kù láìsun ún?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé tí à ń gbé ní Ìbàdàn kò jìnnà sí odò, ènìyàn mẹ́fà ni wá níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì lè kọjá kí ọkọ̀ akólẹ̀kódọ̀tí tó yọjú. Nígbàkígbà tí àpò pàǹtí bá kún, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń dáná sun ún. Lóṣù tó kọjá, èéfín náà wọ yàrá tọ àwọn ọmọ lọ, Kẹ́hìndé sì wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá ara mi lẹ́bi. Àwọn kan ládùúgbò máa ń da tiwọn sínú gọ́tà bí òjò bá ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé ìyá mi wà lára àwọn tí omíyalé odò Ògùnpa bà jẹ́ lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, mo sì fi ojú ara mi rí èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. A kò ní owó tí a lè fi ra ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn tàbí nǹkan ńlá mìíràn. Kí ni ìdílé bí tiwa lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí, tí pàǹtí wa yóò fi dín kù, tí a kò sì ní máa ba afẹ́fẹ́ àti omi jẹ́?

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sun ọ̀rá àti ike mọ́ rárá, nítorí pé májèlé wà nínú èéfín wọn, àyà ọmọdé kò sì lè gbà á. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tú àpò pàǹtí kan palẹ̀, kí ẹ wo ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí èmi tú tiwa, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kùùkù àgbàdo àti ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ ló gba ohun tó ju ìdajì lọ. Ìyá mi àgbà kò jẹ́ pe ìwọ̀nyí ní pàǹtí láéláé. Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́ jẹ́ ti ewúrẹ́, ìyókù a lọ sí ààtàn, ibi tí ààtàn bá sì ti jẹrà ni tẹ̀tẹ̀ ti máa ń dára jù.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún síbi tí òjìji wà. Bí ẹ bá ti da èèpo tútù sí i, ẹ fi ewé gbígbẹ tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ bò ó. Ewé gbígbẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, òun gan-an ni kò sì ní jẹ́ kí ó rùn, nítorí pé àárín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń ráyè wọlé. Bí èèpo tútù nìkan bá dì pọ̀ láìsí afẹ́fẹ́, ìdíbàjẹ́ tó ń rùn ni yóò ṣe. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tí ẹ fún un, kí ó tutù bíi kànrìnkàn tí a ti fún omi rẹ̀ dànù, kí omi má ṣe máa kán. Ẹ má da egungun, ẹja tàbí ọbẹ̀ tó ní epo sí i, nítorí eku. Nínú ooru ilẹ̀ wa, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ óò rí i tí yóò di dúdú, tí òórùn rẹ̀ yóò dà bíi ti ilẹ̀ inú igbó.

Alásè Abẹ́òkúta:

Òótọ́ ni Àgbẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n èèpo kọ́ ló ń dí gọ́tà, ọ̀rá ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí ènìyàn mẹ́fà bá ń mu píọ́ wọ́tà márùn-ún márùn-ún lójúmọ́, ọgbọ̀n ọ̀rá nìyẹn, ó sì tó 900 lóṣù. Bí ẹ bá ní kànga tó mọ́, ẹ se omi rẹ̀ kí ó hó dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì dà á sínú àmù tó ní ìdérí. Àmù kò nílò iná mànàmáná. Omi díẹ̀ tó ń là á kọjá sí ara rẹ̀ lóde ni afẹ́fẹ́ ń fà gbẹ, ìyẹn ló sì ń mú kí ti inú tutù.

Oúnjẹ ni mò ń tà, mo sì ti padà sí ewé eéran fún mọ́ínmọ́ín láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun ní oṣù kìíní ọdún 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni mo wà tí òfin náà kò sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rí i pé ohun tí a ti ní nílé ni wọ́n ń wá káàkiri. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà, kí ẹ sì mú abọ́ tó ní ìdérí dání fún ẹran àti ata lílọ̀. Aláta yín lè kọ́kọ́ máa wò yín, yóò mọ́ ọn lára.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:

Mo bá Alásè jiyàn díẹ̀ nípa omi sísè, nítorí pé gáàsì tàbí èédú tí yóò se omi ènìyàn mẹ́fà kò kéré. Bí wọ́n bá ń ta omi inú ike ńlá olílítà 19 nítòsí yín, irú èyí tí olómi máa ń gbà padà láti tún pọn omi sí, ìyẹn ni kí ẹ fi rọ́pò píọ́ wọ́tà. Ní ti ìdáná, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kí ẹ sì máa dé ìkòkò. Èyí nìkan ti dín gáàsì wa kù gidigidi.

Omi òjò ló ká mi lára jù. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan, nítorí náà òjò mílímítà 20 lórí òrùlé tó tó mítà onígun mẹ́rin 60 ń gbé omi lítà 1,200 wá. Èyí tí ẹ bá gbà sínú dùrọ́ọ̀mù fún aṣọ fífọ̀ àti ilé títọ́jú kò ní bá ọ̀rá lọ sínú odò. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ páànù ná, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo dùrọ́ọ̀mù nítorí ẹ̀fọn.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tú àpò náà lánàá, èèpo ló pọ̀ jù lóòótọ́. Ìṣòro mi ni pé onílé ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kò sí ibi tí mo lè gbẹ́ kòtò sí. Báwo sì ni kí n ṣe ọ̀rá tó ti wà nílẹ̀?

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé:

Ike ọ̀dà ńlá méjì tó ní ìdérí ti tó dípò kòtò, Ìyá Ìbejì. Ẹ lu ihò wínníwínní sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ gbé wọn ka orí bíríkì, kí ẹ sì fi abọ́ sábẹ́ wọn láti gba omi tó bá ń ro. Ẹ máa da èèpo àti ewé gbígbẹ sínú èkíní. Ìgbà tó bá kún ni kí ẹ dé e, kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ní ẹni tó ń rà á ní kílò ní Ìbàdàn, ẹ kàn ṣan án, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ sì máa kó o sínú àpò kan. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ogún sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá náà: ẹ gé orí wọn, ẹ lu ìdí wọn, kí ẹ fi erùpẹ̀ kún wọn, kí àwọn ìbejì sì gbin ata sínú wọn.