Ìnáwó ẹbí ní sọ́mà: àlejò 120, gbọ̀ngàn tí wọ́n ń tì ní agogo 11

Àbíkẹ́yìn, Dagenham
Ẹ kú wíkẹ́ńdì o, ẹ̀yin ará ilé. A fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 fún Màmá ní Sátidé kan nínú oṣù Keje. Àlejò 120, gbọ̀ngàn káńsù, agogo 2 ọ̀sán sí 11 alẹ́. Ẹbí ló máa se oúnjẹ. Kíló ìrẹsì mélòó ló máa tó? Ṣé a máa gba láísẹ́ńsì? Báwo la ṣe máa gbé oúnjẹ débẹ̀ tí ò ní tutù?

Ìyá Ìbejì, Peckham
Àǹtí, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Gíráàmù 120 ìrẹsì tí a ò tíì sè ni kí ẹ ṣírò lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí àwọn tó máa di ti ilé dání. Ó sún mọ́ kíló 15: 10 fún jọ̀lọ́ọ̀fù, 5 fún fúráìdì ráìsì. Bí iyán àti ẹ̀fọ́ rírò bá wà níbẹ̀, ẹ yọ kíló 3 kúrò. Adìẹ líle 20, kí wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ. Mọ́ínmọ́ín: kíló 1 ẹ̀wà gbígbẹ máa ń fún yín ní bí ogún, ẹ wá sọ ọ́ di kíló 6.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má se jọ̀lọ́ọ̀fù kíló 10 nínú ìkòkò kan. Ìdí á ti jóná kí òkè tó rọ̀, ẹni tó bá sì ń bu omi lé e kí òkè lè jinná, àárín ló máa sọ di túwó. Ìkòkò méjì, kíló 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìkòkò gba lítà 25 ó kéré tán. Fún kíló 5: tàtàṣé kíló 2 ààbọ̀, tòmátì alágolo gíráàmù 400 mẹ́rin, àlùbọ́sà kíló 1 ààbọ̀, ata rodo 12, òróró lítà 1. Ẹ lọ ata, kí ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí ó tó kan òróró. Ata tí omi rẹ̀ ò gbẹ ló ń jẹ́ kí jọ̀lọ́ọ̀fù kan lẹ́nu. Ẹ dín in títí òróró á fi léfòó.

Ata àti omi ẹran lápapọ̀, lítà 6. Kí lítà 1 omi ẹran míì máa gbóná nítòsí. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù gan-an, ẹ fi fọ́ìlì bo ojú ìrẹsì kí ẹ tó dé e, ẹ má rò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá gbóòórùn jíjó, ẹ má fi ọmọrogùn kan ìdí rẹ̀ rárá. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ bu tòkè sínú ìkòkò míì. Òórùn èéfín díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òun làwọn èèyàn ń torí ẹ̀ wá sóde. Eérú dúdú ni a ò fẹ́.

Bàbá Ìdòwú, Tottenham
Ìyá Ìbejì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán lórí sísè. Ti ooru ló kù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni pé kí oúnjẹ gbígbóná má lọ sílẹ̀ ju 63°C lọ. Bó bá lọ sílẹ̀, wákàtí 2 péré lẹ ní láti fi jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí iná kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, á tún hù, á sì tú májèlé tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì ò lè mú kúrò. Ẹ ra tẹmọ́mítà oúnjẹ kan, kí ẹ kì í bọ àárín páànù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́.

Kúlà: ẹ da omi híhó sínú rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 20, ẹ dà á nù, kí ẹ wá kó páànù sí i bí ìrẹsì bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kúlà tútù á kọ́kọ́ fa ooru ìrẹsì mu. Ẹ fi táwẹ̀lì dí gbogbo àyè tó ṣófo. Ní gbọ̀ngàn, omi híhó ni kí ẹ dà sábẹ́ páànù orí tábìlì, torí iná kékeré abẹ́ rẹ̀ kò lè mú oúnjẹ tutù gbóná, ó kàn ń tọ́jú èyí tó ti gbóná ni. Kí dòdò sì ti ilé wá: èéfín òróró nínú ìdáná gbọ̀ngàn lè mú aago iná dún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Woolwich
Láísẹ́ńsì: ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀, ṣé ẹ máa ta nǹkan? Bó bá jẹ́ pé ẹbí ń fún àlejò tí wọ́n pè ní ọtí lọ́fẹ̀ẹ́, òfin yẹn ò kàn yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ọtí, tàbí ẹ fẹ́ gba owó ìwọlé, ẹ kọ́kọ́ bi onígbọ̀ngàn bóyá láísẹ́ńsì tirẹ̀ gbà á. Bí kò bá gbà á, Temporary Event Notice ni, ìwé tí ẹ fi ń fi òde ẹ̀ẹ̀kan tó káńsù létí, £21, ní káńsù. Kí ó tó wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á ò sí nínú kíkà, ọjọ́ òde náà ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Sátidé, Sọ́ńdè àti bánkì họ́lídé. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà. Èèyàn ò gbọdọ̀ ju 499 lọ, onílù àti alásè wà nínú iye yẹn.

Agogo 2 sí 11 yẹn kọ́ ni wákàtí ijó o. Títo tábìlì àti gbígbálẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà 4 sí 10 lẹ ní. Ẹ kọ 3 sórí káàdì, kí ẹ bu oúnjẹ ní 5, yálà àwọn Bọ̀ọ̀dá ti dé tàbí wọn ò tíì dé.

Onígángan, Manchester
Ẹ bi wọ́n bóyá àpótí tó ń ṣọ́ ariwo wà lára ògiri. Iná aláwọ̀ ewé, iná aláwọ̀ ọsàn, iná pupa: bí pupa bá tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó máa ń pa iná àwọn ihò pílọ́ọ̀gì orí pèpéle. Kíbọ́ọ̀dù àti áńpù kì í fẹ́ràn kí iná kú lójijì bẹ́ẹ̀. Gángan ò lo iná, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ ọ, àwa la máa ń tan pupa. Ẹ béèrè iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) tí wọ́n ṣètò rẹ̀ sí, ẹ dán ìlù wò kí àlejò tó dé, ẹ yí sípíkà kúrò níbi tí etí ẹ̀rọ náà wà. Ẹ má fa wáyà láti ìdáná torí kí ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n á fi ìyẹn gba owó ìdúró yín.

Owó nínáá ńkọ́? £5 ni bébà tó kéré jù níbí, ló fi jẹ́ pé dọ́là kan-kan lọ̀pọ̀ ń ná. Ẹ pe ilé pàṣípààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kì í pọ̀ nílẹ̀.

Àbíkẹ́yìn, Dagenham
Ẹ ṣé gan-an. Gáàsì la máa fi se ìkòkò méjèèjì lẹ́yìn ilé. Gáréèjì wà, bí òjò bá dé?

Ìyá Ìbejì, Peckham
Rárá o, Àǹtí! Kì í ṣe gáréèjì, ìlẹ̀kùn ì báà ṣí sílẹ̀. Gáàsì olóró tí iná ńlá ń tú kì í rùn, oorun ló fi ń pa èèyàn. Ìta gbangba ni, lábẹ́ ìbòrí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Sílíńdà pupa ni kí ẹ gbà, propane. Kó dúró ṣánṣán, kó jìnnà sí iná. Nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ máa ń yí sí òdì, apá òsì lẹ ó yí i sí kó tó le. Àwọn tó ń fi agbára yí i sápá ọ̀tún ló ń bà á jẹ́. Bó bá ti le, ẹ fi kànìnkànìn po omi ọṣẹ, ẹ fi pa ojú ìsopọ̀ kí ẹ tó ṣáná. Bó bá ń yọ ìfófòó, ẹ pa gáàsì, ẹ tún un dè.