Mo ti rí orúkọ lẹ́tà yẹn o

Ẹ rántí irú lẹ́tà ìtẹ̀wé (fọ́ǹtì) gàdàgbà onígun tí mo ní kí ẹ bá mi dá mọ̀ lára èèpo ìwé àtijọ́ yẹn, kí n lè fi ṣe báńà ọjọ́ìbí Bàámi? Neuland ni. Rudolf Koch, ará Jámánì, ló gbẹ́ ẹ ní 1923. Kò kọ́kọ́ yà á sórí bébà, orí irin ló ti gbẹ́ ẹ tààrà, ìyẹn ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀ díẹ̀ síra. (Òun ni wọ́n sábà fi ń kọ "Africa" sára ìwé, àfi bíi pé àáké la fi ń kọ̀wé!)

Fọ́ǹtì Neuland tí mo rí kò ní Ẹ, Ọ àti Ṣ. Mo fọwọ́ fi àmì sábẹ́ wọn. Àmì tó rí roboto ò bá lẹ́tà náà mu rárá, mo bá sọ ọ́ di onígun mẹ́rin. Báńà ọjọ́ìbí Bàámi ti jáde. Ẹ ṣeun gan-an.