Ṣé “boycott” àti ìyanṣẹ́lódì, ọ̀kan náà ni?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdè. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ kan “boycott” ìdìbò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ “boycott” kíláàsì. Ṣé ìyanṣẹ́lódì náà nìyẹn? Ṣé lóòótọ́ ni pé ara “boy” ni wọ́n ti yọ ọ́? Kí sì ni ká máa pè é ní Yorùbá?

Èsì 1
Kò kan “boy” rárá. Orúkọ èèyàn ni: Charles Boycott, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá onílẹ̀ kan, Lord Erne, gba ìṣákọ́lẹ̀ ní Mayo, ní Ireland. Lọ́dún 1880, àwọn àgbẹ̀ ní kí wọ́n bá àwọn yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú owó ilẹ̀. Onílẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá lòun lè yọ. Boycott wá fẹ́ lé àwọn tí kò san. Parnell, olóṣèlú ọmọ Ireland tó ń jà fún àwọn àgbẹ̀, sì ti sọ fún èrò ní ìlú Ennis ní September 19 pé ẹni tó bá gba oko tí wọ́n lé ẹlòmíràn kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n máa sá fún un bí adẹ́tẹ̀. Boycott gan-an ni wọ́n fi dán an wò: lébìrà fi oko sílẹ̀, alágbẹ̀dẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀, alágbàfọ̀ ò fọ aṣọ rẹ̀, ọlọ́jà ò tajà fún un. Èèyàn 50 láti Cavan àti Monaghan ló wá bá a kórè, ṣójà ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ní iye tó bá a lọ tó £10,000, fún irè oko nǹkan bí £500. Owó ìṣọ́ ju owó oko! Kí ọdún tó parí, ìwé ìròyìn ti sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló ni orúkọ, kì í ṣe àwọn tó ṣe é.

Èsì 2
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo Montgomery, ní Amẹ́ríkà: láti December 5, 1955, ọjọ́ 381 ni àwọn aláwọ̀ dúdú ò fi wọ bọ́ọ̀sì ìlú. Awakọ̀ ń ṣiṣẹ́, èrò ni kò wọlé. Boycott nìyẹn. Ká ní awakọ̀ ló pa ọkọ̀ tì ni, ìyanṣẹ́lódì ni à bá pè é. Bí ìjọba bá sì fòfin de ọjà, embargo ni.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: “they boycotted *from* the election.” Ẹ yọ “from” yẹn, ẹ yọ “against” náà. T méjì ló wà ní ìparí: boycotted. Ẹni tí kò kàn fẹ́ràn ìrẹsì kò sì boycott ìrẹsì. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń bí i nínú.

Èsì 3
Ìbéèrè yín ò ṣàì mọ́gbọ́n wá o. Bí èèyàn méjì ò bá kí ara wọn mọ́, wọ́n yan ara wọn lódì. Nínú ìyanṣẹ́lódì, iṣẹ́ la yàn lódì. Èèyàn ni ti Mayo: wọ́n yan Boycott lódì.

Olùbéèrè
Áà! Ṣé mo lè sọ pé “wọ́n yan ìdìbò lódì”?

Èsì 3
Yóò yé wọn, ṣùgbọ́n “ta kété sí ìdìbò” ló dùn létí jù. Tó bá jẹ́ ọjà, “wọ́n ní ká má rà á mọ́” ti tó.