Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ tésàn rélùwéè rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Onírélùwéè:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ tésàn kékeré, èrò ọkọ̀ àti àwọn tó ń kiri ọjà ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Bàbá tèmi ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn tó wà láàárín Ìbàdàn sí Òṣogbo, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé tìtorí èrò nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kí ọkọ̀ méjì má baà forí sọ ara wọn ló mú un débẹ̀.

Ojú irin kan ṣoṣo ló wà lọ́nà yẹn. Èyí tó ń lọ sókè Ọya àti èyí tó ń bọ̀ wá sí Èkó, orí irin kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀. Tésàn ni ibi tí wọ́n ti lè yà fún ara wọn, torí wọ́n tẹ́ irin kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan á yà síbẹ̀, á dúró, èkejì á kọjá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí tésàn nínú igbó tí ilé ò pọ̀ sí.

Ẹ̀rọ kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá tésàn, irú ẹ̀ wà ní tésàn tó kàn, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ọ̀gá á lu aago sí ẹnìkejì rẹ̀. Àfi tí onítọ̀hún bá gbà ni ẹ̀rọ náà á tó yọ irin tí wọ́n ń pè ní tókìnì sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti wà níta, òmíràn ò lè jáde mọ́. Awakọ̀ tí ò bá ní in lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ mira, bó ti wù kí ẹni tó gbé tóbi tó.

Ẹ̀sìpírẹ̀ẹ̀sì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń sáré kọjá tésàn kékeré, kì í dúró lọ́dọ̀ tiwa, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gba tókìnì. Inú àpò awọ kan tó ní òrùka ńlá lọ́rùn ni wọ́n ń kó o sí. Bàbá mi á dúró létí irin, á na òrùka yẹn sókè, igbákejì awakọ̀ á ti apá bọ̀ ọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lọ, á sì ju tókìnì ọ̀nà tó ti rìn kọjá sílẹ̀. Mo rí ọjọ́ tí apá bàbá mi wú títí dé èjìká, tí màmá mi ń fi omi gbígbóná jó o. Bílẹ̀ bá ń ṣú, bàbá kan náà ló máa gun àkàsọ̀ lọ tan àtùpà kẹrosíìnì síìgínà. (Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ ọba ò rọrùn, ẹ má jiyàn.)

Oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, lásìkò tí MacGregor jẹ́ gómìnà Èkó. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó kan Jẹ́bbà ní 1909. Kòkó àti èkùrọ́ ló ń kó wá sí Èkó, kí mọ́tò akẹ́rù tó gba ọjà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo ooru omi tún máa ń dúró pọn omi lọ́nà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo dísù dé, kò sídìí láti máa dúró pọn omi mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni tésàn kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, kí èrò tó dín kù rárá.

Ìyá Adùnní:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o! Ẹ ti jẹ́ kí n lóye ohun tí ìyá àgbà mi ń ṣe. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ la máa ń tà lójú fèrèsé ọkọ̀. Lóókà, ìyẹn ọkọ̀ tó ń dúró ní tésàn kékeré, tó bá kàn dúró gba èrò, kì í pẹ́ rárá, ẹ ò tíì ní ka owó tán tó fi gbéra. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tó yà sílẹ̀ de ẹlòmíì ni, háà! Èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á tún béèrè ẹran. Ìyá àgbà mọ dídún aago yẹn. Á ní, “Ó ń retí èkejì ẹ̀, ẹ gbé ìkòkò kejì wá.” Ohun tí èrò ń pè ní ìdádúró, ọjà la ń pè é. Àwọn kan jẹun tán, ọkọ̀ ṣí, wọ́n ń ju owó látojú fèrèsé, àwa ọmọdé ń ṣa á láàárín òkúta. Àwọn mìíràn kàn juwọ́ sí wa ni, kò sí owó kankan.

Ọmọ Òròkí:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọkọ̀ rélùwéè ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé wá láti Èkó nígbà Iléyá kan ni mo fi kọjá níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló sùn sójú ìloro. Ìbéèrè mi ni pé ṣé rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 ò lè jí àwọn tésàn yẹn?

Ọmọ Onírélùwéè:

Àbúrò, Mọ́níyà n'Ìbàdàn ló parí sí. Àlàfo tó wà láàárín irin ọ̀tún àti irin òsì níbẹ̀ jẹ́ mílímítà 1435, ti àtijọ́ sì jẹ́ 1067, nítorí náà ọkọ̀ tuntun ò lè gun irin Òṣogbo. Àfi kí wọ́n tẹ́ irin tuntun débẹ̀. Bí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ ní méjì-méjì bíi ti Èkó, kò sẹ́ni tó máa yà fẹ́nì kankan mọ́, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ tésàn bàbá mi ò ní sí níbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ìyá Adùnní, ẹ kú ìrántí. Ṣé ilé tí wọ́n ti ń sè é yẹn ṣì wà? Ẹ̀yin ará Ìkirun àti Òkukù náà ńkọ́, ta ló mọ tésàn tí ẹ̀rọ tókìnì ṣì wà nínú ẹ̀? Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò rẹ̀ kí àwọn onírin àlòkù tó gbé e lọ.