Ẹsẹ̀ mi wúwo lórí òkè: ṣé kí n dúró ni àbí kí n padà?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìdánrawò lórí òkè rí. Eré 5,000 mítà ni mò ń sá. Ọjọ́ kẹfà mi rèé níbi tó fi 2,300 mítà ga ju òkun lọ. Kìlómítà kan tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú 3 sá ní ìdánrawò ti di ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 12, èémí mi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Lóru, mo máa ń ta jí bí ẹni tó gbàgbé láti mí. Ìdíje mi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, etí òkun la ti máa sá a. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Èsì 1:
Àbúrò, má tíì palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú 100, bíi ti etí òkun. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló dín kù. Wo ìdíje Òlíńpíìkì ní Mexico City lọ́dún 1968, ní 2,240 mítà: àwọn tó ń sá eré kúkúrú gbádùn afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ yẹn, àmọ́ ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 27 ni Naftali Temu ará Kẹ́ńyà fi gba wúrà 10,000 mítà, nígbà tí ẹni kan ti sá a ní 27:39 ṣáájú. Ron Clarke tó sá 27:39 náà wà níbẹ̀, ipò kẹfà ló wà, ó sì dákú lẹ́yìn eré. Ṣé ọ̀lẹ ni?

Kíndìnrín rẹ ti ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ sí i, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn máa gbà. Bọ́ aago ọwọ́ rẹ sílẹ̀ ná. Fi kún ìsinmi àárín eré, kó o sì máa mu omi dáadáa.

Èsì 2:
Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ dáa, àmọ́ ṣé o ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Irin ni ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lókè láìmọ̀ pé irin ara mi ti lọ sílẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ bí mo ṣe gòkè. Ó dùn mí títí dòní. Má kàn gbé oògùn irin mì o, àyẹ̀wò ni kó ṣáájú.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rárá, màá lọ lọ́la. Ọ̀nà kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 1,200 mítà. Ṣé ó wúlò?

Èsì 1:
Ó wúlò púpọ̀! Levine àti Stray-Gundersen tẹ èsì ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1997: àwọn tó ń sùn ní 2,500 mítà, tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò ní 1,250 mítà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yára sí i nínú 5,000 mítà gan-an tó ò ń sá yìí. Sáré tó le nísàlẹ̀, kó o gòkè lọ sùn.