Python ní "ẹ́" méjì ò dọ́gba

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, mò ń fi Python (èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) wá orúkọ kan nínú fáìlì, mo rí i níbẹ̀ kedere àmọ́ == (tó ń wò ó bóyá nǹkan méjì dọ́gba) ṣáà ń sọ pé False, ìyẹn ni pé wọn ò dọ́gba, "ẹ́" nìkan ló sì lámì nínú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn 1: Fi len(), tó ń ka iye kóòdù tó wà nínú ọ̀rọ̀, wo "ẹ́" yẹn. Nínú ti inú fáìlì àti èyí tó o tẹ̀, ọ̀kan lè jẹ́ 2, ìkejì 3, torí Unicode (ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà) gbà ká kọ ọ́ bíi ẹ (U+1EB9) pẹ̀lú àmì òkè (U+0301), tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì lọ́tọ̀. Lo unicodedata.normalize("NFC", s) fún méjèèjì, kí ọ̀nà tá a gbà kọ wọ́n lè di ọ̀kan náà, kó o tó fi wọ́n wéra.

Ìdáhùn 2: Bẹ́ẹ̀ ni o, kó o sì máa kọ encoding="utf-8" (ọ̀nà tá a gbà fi lẹ́tà pa mọ́ sínú fáìlì) sínú open() tó o fi ń ṣí fáìlì, má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ yàn án.

Olùbéèrè: Ó ti ṣiṣẹ́! Ẹ ṣé gan-an.